Elégédé: bí ẹ ṣe lè lo ewé, èso àti kóró rẹ̀ kí ohun tó wà nínú wọn má ṣòfò

Ẹni tó gbin elégédé sí ẹ̀yìnkùlé ti ní ọbẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀: gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń fà káàkiri orí ebè, èso tó fara pamọ́ sábẹ́ ewé, àti kóró inú èso náà. Èròjà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ohun tó sì ń ba ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ yàtọ̀. Omi gbígbóná ló ń kó ti ewé lọ. Oòrùn ló ń pa ti èso. Ní ti kóró, afẹ́fẹ́ àti ìpẹ́ nílẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Nílẹ̀ Òkun níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbbà dé Ìsánlú, kò sí ẹni tó yẹ ká kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin elégédé. Ìdí àdògán ni a ti ń pàdánù rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìtọ́sọ́nà yìí máa dúró sí jù.

Ohun tí à ń wá nínú rẹ̀

Wọ́n ń pè é ní antioxidant. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí, bíi ní Ògìdì nílẹ̀ Ìjùmú tí ìyá wa Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àdìrẹ, ti wá, á mọ̀ pé aṣọ kì í jáde nínú ìkòkò aró pẹ̀lú àwọ̀ aró. Ó máa ń rí bí ewé tó fẹ́ pọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, títí tó fi máa di aró gidi. Oxygen inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Òun náà ló ń sọ iṣu tí a bó di dúdú, òun ló ń mú kí òróró kan lẹ́nu. Nínú ara ènìyàn náà, bí ara ṣe ń lo oúnjẹ láti fi rí agbára, àwọn èérún kan máa ń jáde tí ara wọn kò lélẹ̀, tí wọ́n ń já nǹkan gbà lára sẹ́ẹ̀lì tó bá wà nítòsí. Gbogbo èròjà tó bá lè yọ̀ǹda ohun tí wọ́n ń wá fún wọn kí wọ́n tó ṣe ọṣẹ́ ni antioxidant. Ara ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀, a sì ń jẹ òmíràn mọ́ oúnjẹ.

Nínú gbọ̀ọ̀rọ̀, fítámì C, lutein àti àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní flavonoid ni ẹ ó bá. Nínú èso, beta-carotene, tó ń fún un ní àwọ̀ ọsàn. Nínú kóró, fítámì E. Fítámì C máa ń yòrò sínú omi. Beta-carotene àti fítámì E kì í yòrò sínú omi, inú epo ni wọ́n ń yòrò sí. Ẹni tó bá di gbólóhùn méjì yìí mú ti mọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ se ewé lọ́nà kan, kí ẹ sì se èso lọ́nà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbé e kaná

Ẹ gé èso náà, kí ẹ rẹ́ bí ìwọ̀n èékánná kan lára rẹ̀, kí ẹ fi kan ahọ́n. Elégédé lè dùn, ó lè tẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ korò. Tó bá korò, ẹ tu ú jáde, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ má fún ewúrẹ́ pàápàá. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cucurbitacin ló ń fa ìkorò náà. Májèlé ni. Sísè kì í pa á, ata àti iyọ̀ kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Láàárín wákàtí díẹ̀, inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè bẹ̀rẹ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwa gbà pé ohun tó bá korò ló ń ṣiṣẹ́ lára. Ewúro korò, a sì ń jẹ ẹ́. Ejìnrìn korò, a fi ń ṣe àgbo. Tí elégédé bá wá korò, ẹlòmíràn á ní oògùn ni. Ní Íńdíà, omi igbá kíkorò tí àwọn ènìyàn ń fún mu nítorí ìlera ti pa àwọn kan. Nínú ẹbí elégédé, igbá àti apálá, ẹ má ka ìkorò sí oògùn.

Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń sọ pé egúsí tó wà nítòsí ló kó ìkorò ran elégédé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Egúsí àti elégédé kì í gbà lára wọn, bí òdòdó wọn tiẹ̀ jọra. Elégédé ẹgbẹ́ rẹ̀ tó korò ló lè kó o ràn án, kì í sì í ṣe èso ọdún yìí ni yóò fara hàn lára rẹ̀: kóró tí ẹ bá tọ́jú pamọ́ láti fi gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa so èso kíkorò. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí kóró inú èso tó korò dé àárín irúgbìn láéláé.

Ìgbésẹ̀ kejì: gbọ̀ọ̀rọ̀

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ já a, ọ̀mùnú àti ewé méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá ṣe pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ já a ni fítámì C inú rẹ̀ ń dín, ó sì ń yára dín bó bá wà nínú oòrùn. Ẹ wo ẹ̀fọ́ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ́jà títí di ọ̀sán, tí wọ́n ń wọ́n omi sí lórí: omi náà ń jẹ́ kó tutù lójú ni, kò dá ohun tó ti lọ padà. Tó bá jẹ́ pé ọjà lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ ra èyí tó wà lábẹ́ ibòòji, kódà bó wọ́n díẹ̀.

Ẹ bó okùn ara igi rẹ̀: ẹ ṣẹ́ orí igi náà, ẹ fà á wálẹ̀, awọ onírun yẹn á tẹ̀ lé e. Ẹ fọ ewé náà kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Tí ẹ bá rẹ́ ẹ tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́, gbogbo ojú ibi tí ọ̀bẹ ti là á ni omi ń gbà kó nǹkan jáde. Ẹ má rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ jù.

Èyí tó kù yìí ni màmá mi ò fẹ́ gbọ́: ẹ má bọ̀ ọ́, ẹ má sì fún un. Ewúro nílò fífún nítorí ìkorò rẹ̀. Gbọ̀ọ̀rọ̀ ò ní ohun tí à ń fún kúrò. Omi aláwọ̀ ewé tí à ń dà sí ẹ̀yìnkùlé yẹn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú fítámì C àti flavonoid wà. Ohun tó tọ́ ni pé kí ọbẹ̀ jinná tán, ata, epo, irú, ẹja, gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó da gbọ̀ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí omi bá ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ewé tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹ má fi kán-ún sí i. Mo mọ̀ pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀fọ́ tutù yọ̀yọ̀, ó sì ń jẹ́ kó tètè rọ̀. Ṣùgbọ́n kán-ún a máa ba fítámì C jẹ́ kíákíá, ó sì ń ba ọ̀kan nínú àwọn fítámì B jẹ́ pẹ̀lú. Àwọ̀ tó dára lójú ni ẹ ó jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ dán an wò

Èyí kì í ṣe dandan fún ẹni tó kàn fẹ́ sebẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá ń kà á lè fi ṣe iṣẹ́ nínú kíláàsì, kò sì ná owó púpọ̀. Ẹ lọ ra áyódíìnì, èyí tí wọ́n ń fi sí ojú egbò, ní kẹ́mísì. Ẹ ra sìríǹjì kan tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ wá ògì gbígbẹ tàbí sítáàsì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, àti ife gíláàsì kéékèèké bíi mẹ́rin tí wọ́n dọ́gba.

Ẹ po ṣíbí tíì kan ògì náà sínú omi gbígbóná ife kan, ẹ rò ó kó ki, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ bu ṣíbí tíì kan nínú rẹ̀ sínú omi tútù ife kan, ẹ kán áyódíìnì sí i díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á ṣú, á ní àwọ̀ aró. Ẹ pín in sínú àwọn gíláàsì náà ní dọ́gbadọ́gba.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹ gún un, ẹ po ó mọ́ omi ààbọ̀ ife, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ ka mẹ́wàá mìíràn lára ìtàkùn kan náà, kí wọ́n tóbi tó ti àkọ́kọ́, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi ààbọ̀ ife fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fún un, ẹ tọ́jú omi rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ gún ewé náà, kí ẹ po ó mọ́ omi tuntun ààbọ̀ ife, kí ẹ sẹ́ ẹ bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ ti ní omi mẹ́ta báyìí: ti ewé tútù, ti ewé bíbọ̀, àti omi tí à ń dà nù. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn tutù dáadáa, nítorí ooru nìkan tó láti mú àwọ̀ aró yẹn pòórá, yóò sì tàn yín jẹ.

Ẹ fi sìríǹjì fa ọ̀kan, ẹ máa kán an sínú gíláàsì kan ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ẹ máa mi gíláàsì náà, ẹ máa kà. Ẹ dúró níbi tí àwọ̀ aró bá ti ṣí pátápátá. Ẹ fọ sìríǹjì náà, kí ẹ bọ́ sórí èyí tó kàn. Èyí tí ẹ̀kán díẹ̀ bá fọ aró rẹ̀ ló ní fítámì C púpọ̀ jù. Nínú gíláàsì kẹrin, ẹ kán omi oògùn fítámì C tí ẹ lọ̀ mọ́ omi, kí ẹ rí bí ohun tí à ń wá ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá wà níbẹ̀ gidi. Ẹ fara balẹ̀ wo èyí tó jẹ́ omi bíbọ̀. Omi tí ẹ fẹ́ dà sẹ́yìn ilé náà á fọ aró.

Ẹnikẹ́ni má mu èyíkéyìí nínú rẹ̀. Áyódíìnì a sì máa da àbàwọ́n sí aṣọ, ẹ má wọ aṣọ tuntun ṣe é.

Fítámì C àti àwọn tó jọ ọ́ nìkan ni àyẹ̀wò yìí ń rí. Kò lè rí beta-carotene, nítorí kì í wọ inú omi. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà tiwọn: èyí tí wọ́n ń lò jù ni DPPH, tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Blois gbé jáde lọ́dún 1958. Omi aláwọ̀ àlùkò ni, tí antioxidant bá wọ inú rẹ̀, yóò di yẹ́lò, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń wọn bó ṣe ṣí tó. Ó jọ tiwa, tiwọn ló kàn péye jù.

Inú ìgò ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe inú ikùn. Amẹ́ríkà ní àkójọ kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń to oúnjẹ bí agbára antioxidant rẹ̀ ṣe tó nínú ìgò. Lọ́dún 2012, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wọn yọ ọ́ kúrò, torí pé àwọn oníṣòwò ń fi nọ́ńbà rẹ̀ polówó ọjà, nígbà tí nọ́ńbà náà kò sọ ohun tí oúnjẹ máa ṣe lára ènìyàn. Ẹni tó bá gbé ìgò omi elégédé wá bá yín pé ó ń wo jẹjẹrẹ torí pé "ó ní antioxidant", ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: èso

Èékánná ni ẹ ó fi wò ó. Ẹ tẹ èékánná mọ́ èèpo. Tí kò bá wọlé, tí igi tó so ó rọ̀ sì ti ń gbẹ, ó ti gbó. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ má já a, kí ẹ ṣẹ́ igi rẹ̀ kù sára rẹ̀ níwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta. Èyí tí igi rẹ̀ bá tu kúrò, ojú ibẹ̀ ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹ tẹ́ èyí tó kù síbi tó móoru tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí èèpo rẹ̀ le, kí ẹ tó gbé wọn sórí pẹpẹ, kí wọ́n má kan ara wọn, kí wọ́n má kan ilẹ̀. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Nínú àwọn irú kan, beta-carotene tiẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bí èso ṣe ń wà lórí pẹpẹ, nítorí náà kò sí ìdí láti kánjú.

Tí ẹ bá là á, àwọ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bó bá ṣe pọ́n bí ọsàn tó ni beta-carotene inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èyí tó funfun tàbí tó kàn pọ́n díẹ̀ kò ní púpọ̀. Èyí tó pọ́n dáadáa lè ní nǹkan bíi míkírógíráàmù 3,000 beta-carotene nínú gíráàmù 100. Ara a máa fi míkírógíráàmù 12 nínú rẹ̀ ṣe míkírógíráàmù 1 fítámì A, torí náà ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi míkírógíráàmù 250 fítámì A. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò míkírógíráàmù 300 rẹ̀ lóòjọ́. Abọ́ kékeré kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o fún un, fítámì yìí sì ni àìsí rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọmọdé má ríran tí ilẹ̀ bá ṣú.

Èso kò dà bí ewé: sísè ń ṣe é lóore. Inú sẹ́ẹ̀lì líle ni beta-carotene há sí, iná ló ń tú u sílẹ̀. Ẹ gé e ní ègé ńláńlá pẹ̀lú èèpo, ẹ da omi díẹ̀ sí i, kó má bò ó, ẹ dé e pa. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún á tó o. Ẹ bó èèpo lẹ́yìn tó bá jinná, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àsáró, tàbí kí ẹ fi ata, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ sè é bẹ́ẹ̀.

Epo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe nítorí adùn nìkan. Láìsí epo, púpọ̀ nínú beta-carotene á kàn gba inú kọjá lọ. Ṣíbí tíì kan fún abọ́ kan ti tó. Epo pupa ló dára jù, nítorí òun fúnra rẹ̀ kún fún beta-carotene, bí ẹ kò bá ti yan án. Epo tí a gbé kaná títí ó fi funfun, tí ilé fi kún fún èéfín, ti sun gbogbo beta-carotene rẹ̀ tán kí elégédé tó dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbígbẹ nígbà ọyẹ́

Ọyẹ́ ilẹ̀ wa dára fún gbígbẹ nǹkan ju ìgbà mìíràn lọ, afẹ́fẹ́ gbẹ, kò sí òjò. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni ẹ fẹ́, ẹ kò fẹ́ oòrùn rẹ̀. Ẹ rẹ́ èso tí ẹ ti bó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má nípọn ju owó kọ́bọ̀ méjì tí ẹ tò léra lọ. Ẹ gbé e sínú ajọ̀ lórí omi tó ń hó, kí ooru nìkan kàn án fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Èròjà tó ń bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ láti sọ èlùbọ́ di dúdú wà nínú elégédé náà, ooru yìí ló ń pa á.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ tàbí àwọ̀n, kí ó má ga léra, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ẹ fi aṣọ dúdú fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eruku àti ìmọ́lẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí òkúta bí ẹni ń sá gbágùúdá. Ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó gbẹ nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ tó dún. Àwọ̀ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí: tó bá ṣì pọ́n, ohun tí ẹ ń wá ṣì wà níbẹ̀, èyí tí oòrùn ti fọ̀ di funfun, ẹ kàn lè fi mú ọbẹ̀ ki. Inú agolo tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, ẹ má kó o sínú ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá.

Ta ni kó ṣọ́ra

Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbọ̀ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ, nítorí fítámì K inú ewé ń bá oògùn náà jà. Kó jẹ ìwọ̀n kan náà lọ́sẹ̀, kó sì sọ fún dókítà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fi elégédé rọ́pò oògùn rẹ̀.

Ẹ má sì torí gbogbo ohun tí mo kọ yìí lọ ra oògùn beta-carotene. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Finland lọ́dún 1994, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní míligíráàmù 20 rẹ̀ lójoojúmọ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i láàárín wọn pẹ̀lú ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti inú ìkòkò, kò ṣe nǹkan kan. Láti inú ìgò oògùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kóró

Ẹ má da kóró nù mọ́ ìfun èso. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà títí èèpo rẹ̀ fi máa dún. Èèpo yẹn ló ń dáàbò bo fítámì E àti òróró inú rẹ̀, nítorí náà ẹ má pa á sílẹ̀ ní púpọ̀ bí ẹni ń pa egúsí tà. Ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ sè lónìí ni kí ẹ pa, òun náà ni kí ẹ lọ̀. Ẹ lè yan án díẹ̀ lórí iná tí kò le, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta pápà. Lílọ̀ rẹ̀ sínú ọbẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, ó ń ki bí egúsí, zinc àti magnesium sì pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá ti lọ̀ tó ṣẹ́ kù, ẹ dì í pa, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì bí iná bá wà. Bí ẹ bá ṣí i tó ń rùn bí epo tó ti kan, ẹ dà á nù.